Ẹ̀ka Tí Kò Lábùkù

Ẹsẹ̀ Roheem, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́, ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ó nà jáde lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń po oúnjẹ adìyẹ, bàtà rọ́bà ṣì wà níbẹ̀. Àgbàdo tó dà sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń gbá, ni bẹ́líìtì bá ká a lápá aṣọ, ó sì fà á wọlé. Kí wọ́n tó sáré pa iná, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ọsibítù.

Ilé-iṣẹ́ náà wà lẹ́yìn Adégbayì, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ẹgbẹ́da. Nǹkan méjì ló ń kí àlejò káàbọ̀ ní yàrá àkọ́wọ̀ rẹ̀: àwo ẹ̀yẹ aláwọ̀ góòlù kan tí wọ́n kọ "Ẹ̀ka Tí Kò Lábùkù" sí, àti fọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Fọlájìmí, ọ̀gá ẹ̀ka náà, níbi tó ti ń gba àwo ọ̀hún. Fọ́tò náà tóbi ju àwo lọ. Ká sòótọ́, ó tóbi ju fèrèsé lọ.

Inspẹ́kítọ̀ Ọmọ́tọ́lá wò ó tán, ó ní, "Ẹ kú oríire, sà."

"Ẹ ṣé o!" ni Fọlájìmí fi dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín, kó tó rántí pé òkú wà nílẹ̀. Ó wá yára fajú ro. Bùbá àti ṣòkòtò funfun báláú ló wọ̀, nílé-iṣẹ́ tí eruku àgbàdo ti bo ewé orí igi.

"Ọ̀ràn yìí ò le, Inspẹ́kítọ̀," ló wí. "Ìyàndá, mẹkáníìkì wa, ló pa á." Ó fa fóònù yọ. "Gbogbo ẹ̀rọ wa ló wà nínú áàpù yìí. Ẹni tó bá rí àbùkù á ya fọ́tò rẹ̀, á kọ ohun tó rí, ẹ̀rọ yẹn á sì pọ́n lójú fóònù. Tí wọ́n bá tún un ṣe, mẹkáníìkì á ya fọ́tò mìíràn, á tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ẹ̀rọ á di àwọ̀ ewé. Nọ́ńbà tirẹ̀ nìkan ló lè ṣe é. Àwọn ọ̀gá wa ń wò ó láti Èkó."

"Ṣé wọ́n máa ń wá wo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ wá wò? Àwọ̀ ewé ni wọ́n ń rí."

Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Ìyàndá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé irin tó bo bẹ́líìtì lábẹ́ ẹ̀rọ ti já. Lábẹ́ ìyẹn, orúkọ Ìyàndá náà ni wọ́n fi kọ ọ́ pé ó ti di títúnṣe, pẹ̀lú fọ́tò.

Fọlájìmí mí kanlẹ̀. "Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Irú àwọn òṣìṣẹ́ tí mò ń bá yí nìyẹn."

Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá fún Ọmọ́tọ́lá ní àgọ́ ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ náà wọlé láìjanpata. Ó wà lára àwọn tó gbà pé ohunkóhun tó bá ti ń tàn lójú fóònù, òótọ́ ni. "Ẹ gbé mẹkáníìkì yẹn lọ sílé-ẹjọ́ lọ́la," ló wí. "Áàpù ti bá wa wádìí ẹ̀ tán."

Ọmọ́tọ́lá lọ bá Ìyàndá ní àtìmọ́lé. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀rá ẹ̀rọ ṣì dúdú ní ìka rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ẹ ti tún un ṣe?"

"Kí n fi kí ni tún un ṣe, Màdáámù? Irin tí mo bèèrè, wọn ò rà á. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi wò ó lókèèrè o! Mo ya fọ́tò ẹ̀. Mo tún ṣẹ́ ewé máńgòrò lé ẹ̀rọ lórí, bí àwọn dírẹ́bà ṣe ń ṣe tí mọ́tò bá kú sójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má bàa tàn án. Ọ̀gá ní kí wọ́n tàn án."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Roheem."

"Ta tún ni?"

"Roheem nìkan ni." Ó gbójú sókè. "Ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ yìí, àbí?"

Ọmọ́tọ́lá padà sílé-iṣẹ́, ó pe Sharon, akọ̀wé ibẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló mọ nọ́ńbà àṣírí Ìyàndá?"

Sharon kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Ọ̀gá ló ń bá gbogbo wa tọ́jú tiwa. Wọ́n ní a máa ń gbàgbé."

"Ìwọ náà ti gbàgbé tìrẹ rí?"

"Ọdún ìbí mi ni, mà. Ṣé mo lè gbàgbé ọdún ìbí mi?"

Àmọ́ mímọ nọ́ńbà yàtọ̀ sí títẹ̀ ẹ́. Ọmọ́tọ́lá gba fóònù Sharon, ó ń wo àwọn fọ́tò tí Ìyàndá ti yà sínú áàpù náà látẹ̀yìnwá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún wo èyí tó kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú.

Ó ní kí gbogbo wọn péjọ sídìí ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fọ́tò bẹ́líìtì yìí fún fáìlì mi. Fóònù tèmi ti kú."

Ọ̀rọ̀ fọ́tò kì í ni Fọlájìmí lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú kámẹ́rà ló mọ́ ọn lára ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ó fi ọwọ́ òsì ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó dúró jìnnà, ó na fóònù sókè orí ẹ̀rọ, ó yà á.

"Bẹ́líìtì wà nísàlẹ̀, sà."

"Ó ti wọlé, ó ti wọlé."

Ọmọ́tọ́lá gba fóònù rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sharon. "Ẹ wo èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ẹ wo èyí tí wọ́n ní Ìyàndá yà. Orí ẹ̀rọ kan náà, láti òkè kan náà. Kò sí bẹ́líìtì nínú ọ̀kankan. Gbogbo fọ́tò tí Ìyàndá ti ń yà, ìdùbúlẹ̀ ló wà tó fi yà wọ́n, torí abẹ́ ẹ̀rọ ni iṣẹ́ ẹ̀ wà. Ẹni tó ya èyí ò jẹ́ dùbúlẹ̀, torí aṣọ ẹ̀. Ta ló wọ funfun níbí?"

Gbogbo ojú yí sí Fọlájìmí.

"Ẹ tún wo igun yìí. Ewé máńgòrò. Ìyàndá ló fi síbẹ̀ pé ẹ̀rọ ò dáa. Tó bá jẹ́ pé òun ló tún un ṣe, ewé yẹn ni ì bá kọ́kọ́ kó kúrò. Ẹ̀yin rí i, ẹ rò pé ìdọ̀tí ni. Ẹ wá fi nọ́ńbà ẹ̀ sọ ọ́ di àwọ̀ ewé."

Nígbà tí Fọlájìmí sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti di tọmọdé. "Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ fún wa ní àwo. Ẹ̀rọ kan péré ló pọ́n. Ẹyọ kan! Ẹ ò mọ bí pupa kan ṣe máa ń rí láàárín gbogbo àwọ̀ ewé."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Ọmọ́tọ́lá wí. "Mo rí i nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yìí láàárọ̀."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dè é, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n tú Ìyàndá sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ tí lọ́yà fi dé láti Èkó tó gba bẹ́èlì Fọlájìmí. Ilé-iṣẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti pọ́n, kó lọ bá wọn tún un ṣe. Ẹjọ́ kù sí ọwọ́ ẹ̀rí Ìyàndá nìkan. Ọmọ́tọ́lá gbé ìwé lọ bá a níbi iṣẹ́, kó wá fọwọ́ sí i.

Ó bá a lábẹ́ ẹ̀rọ. Kò tíì sí irin lára bẹ́líìtì.

"Bàbá, wọn ò tíì rà á? Ẹ ti kọ ọ́ sínú áàpù?"

Ìyàndá jáde, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún ṣáá. "Màdáámù, ìgbà tí mo kọ ọ́, àtìmọ́lé ni mo sùn. Àwọn tí ò kọ nǹkan kan, ilé wọn ni wọ́n sùn."

"Ẹlòmíràn lè kú síbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ bá mi fọwọ́ sí ìwé yìí, kí ẹ wá jẹ́rìí ohun tí ọ̀gá yín ṣe."

Ìyàndá wo ìwé náà, kò gbà á. Ọ̀gá tuntun ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ yìí, Màdáámù," ni Ìyàndá wí, sókè, kí ọ̀gá lè gbọ́. Ó sì tan ẹ̀rọ.