Iṣẹ́ Tí Phailin Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

“Màmá, ẹ mú bírò yẹn wá. Ìkọ̀wé yín ò ṣeé kà.”

Bí Phailin ṣe sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ nìyẹn, lójú gbogbo èèyàn tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún! Èmi Sangwian tí mo sìn wọ́n wá wò ó látòkè délẹ̀, mo pòṣé. Buasi, ìyá rẹ̀, kàn rẹ́rìn-ín ni. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé kọ o. Àtàǹpàkò rẹ̀ ni kò gbà á láyè láti di bírò mú mọ́.

Èmi àti Buasi ti jọ ń tẹ ara fún àwọn èèyàn láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ní ilé ìtẹra kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè àtijọ́ ní ìlú Chiang Mai. Àtàǹpàkò ni irinṣẹ́ wa. Òun la fi ń tẹ ẹ̀yìn, òun la fi ń tẹ itan àti àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tó yá, oríkèé tó wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò Buasi jẹ tán, eegun ń ha eegun. Kò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́, kò sì lè fọwọ́ ṣù ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra kì í bọ ọbẹ̀ láìmí kanlẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ló rán Phailin nílé ìwé, àmọ́ ojú ń tì í. Ìdí ni pé àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn bí wọ́n bá gbọ́ ọ, bíi pé ìṣekúṣe la fi ń jẹun. Aláìnítìjú ènìyàn! Àwọn náà ló ń wá hanrun lábẹ́ ọwọ́ wa. Irú wọn kọ́ ló yẹ kó máa dójú ti ọmọ ọlọ́mọ.

Mo yọjú wo fọ́ọ̀mù náà. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́, ọmọ náà kọ ọ́ gàdàgbà: *olùgbàlejò ní òtẹ́ẹ̀lì.*

“Phailin, òtẹ́ẹ̀lì wo?” mo sọ ọ́ sí i létí.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Fọ́ọ̀mù lásán mà ni.”

Mo panu mọ́, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní alátojúbọ̀. Títí dòní ni mo ṣì ń dá ara mi lẹ́bi nítorí ẹ̀.

Dókítà ka fọ́ọ̀mù náà tán, ó wá ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ìyá, a lè yọ eegun kékeré tó ń ha yẹn kúrò. Àwọn kan tún máa ń fi iṣan dí àyè rẹ̀, àmọ́ ìwádìí ò fi hàn pé ìyẹn ń dín ìrora kù ju yíyọ nìkan lọ. A lè lẹ eegun méjèèjì pọ̀. Ó máa lágbára, àmọ́ ọwọ́ ò ní tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́.”

“Hẹ̀n-ẹ́n!” Buasi figbe ta. “Báwo ni màá ṣe wá pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ kí àgbà?”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀kẹta ni oríkèé onírin. Ọwọ́ máa ń tètè padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ irin lè tú lára eegun, pàápàá lọ́wọ́ oníṣẹ́ agbára. Iṣẹ́ tiyín ò le tó bẹ́ẹ̀.”

Nígbà tá a jáde, mo ní kí Buasi padà lọ ṣàlàyé fún Dókítà bí iṣẹ́ wa ṣe le tó. Ó kọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, Dókítà ti ka ìwé mi, ó mọ iṣẹ́ mi. Ta ni mí tí màá máa kọ́ dókítà lẹ́kọ̀ọ́?”

Ìwà wa nìyẹn. À ń bẹ̀rù ká má di onísọkúsọ níwájú ẹni tó wọ aṣọ funfun.

Phailin ní tirẹ̀ lọ ya ìlà sórí bébà, ó fi àwọn iṣẹ́ abẹ náà wéra, ó kùn ún láwọ̀ mèremère. Inú fáìlì iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó fẹ́ fi wọ yunifásítì ló fi í sí. Ó ní ọ̀rẹ́ òun Chayada sọ pé yíyọ eegun lásán ti di ti ayé àtijọ́, pé onírin ló bóde mu. Ẹ gbọ́ o, Chayada! Ọmọ tí kò tíì fọ àwo rí láyé ẹ̀, òun ló ń yan oríkèé fún ìyá oníyàá. Buasi gbà wọ́n gbọ́, ó sì mú irin.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Dókítà ní ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó padà, ó ń tẹ ẹ̀yìn mẹ́fà lóòjọ́. Kí ọdún tó yí po, àtàǹpàkò náà wú, irin ti mì. A tún dé iwájú Dókítà.

“Ìyá, kí lẹ ń fi ọwọ́ yìí gbé ní òtẹ́ẹ̀lì?”

“Òtẹ́ẹ̀lì wo?” ni Buasi béèrè.

Dókítà yí fọ́ọ̀mù náà sí i. Buasi kà á, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀. Phailin ń wo bàtà. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ti Phailin ò tilẹ̀ tó ọdún kan.

“Sọ iṣẹ́ mi fún Dókítà.”

“Ìyá mi … wọ́n ń tẹ ara fún àwọn èèyàn.”

“Pariwo. Àwọn tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ò gbọ́.”

Ọmọ náà pariwo ẹ̀, ẹkún sì gbà á lẹ́nu.

Dókítà mi orí. “Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá máà fi irin sí i. A ó yọ ọ́, a ó yọ eegun yẹn pẹ̀lú. Ìrora á rọlẹ̀, àmọ́ ìyá, mi ò lè ṣèlérí pé ẹ ó tún fi àtàǹpàkò yìí tẹ ara mọ́.”

Buasi na ọwọ́ òsì sí Phailin, ó ní kó bá òun di bọ́tìnnì apá òun.

Yunifásítì gba Phailin. Wọ́n ní bó ṣe fi àwọn iṣẹ́ abẹ wéra dára púpọ̀. Àwọn àgbà ní ìyá ni wúrà. Phailin fi bébà wé wúrà tirẹ̀ pamọ́, wọ́n sì yìn ín fún bébà náà. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, iṣẹ́ tó tọ́ yín dàgbà kì í ṣe ohun ìtìjú. Irọ́ tẹ́ ẹ bá fi bò ó ni ìtìjú, ẹlòmíì ló sì lè fi ara san án. Buasi ti fi àtàǹpàkò san ti Phailin.