Kòkó Kọ́ Ló Fa Aràn Tófínmi

Jésùtófínmi lorúkọ rẹ̀. Tófínmi ni wọ́n ń pè é ní Odode, ní Ìdànrè. Ọjọ́ Sátidé ló fẹ́ràn jù, nítorí Sátidé ni wọ́n máa ń lọ sóko kòkó.

Pọ̀ọ́! Bàbá á fọ́ kòkó. Tófínmi á lá omi rẹ̀. Ó dùn!

Ṣíí! Bàbá á yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Àárín rẹ̀ á ṣì pupa. "Ó ti jinná!" ni Bàbá á wí. Bàbá kì í ní sùúrù, ó máa ń yára jù!

Ègé àkọ́kọ́, ti Tófínmi ni. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Olúlékè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í fọwọ́ kan ẹran pupa. "Yéè! Ó ń wò mí!" ló máa ń wí.

Nígbà tó yá, inú Tófínmi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kùrùù! Kùrùù! Ó jẹun, kò yó. Ó tún jẹun, ó ń rù.

"Wọ̀bìà!" ni Bàbá kígbe. "Kòkó tó o ń lá ló di aràn nínú ẹ!"

Ó tán o. Kò sí kòkó lílá mọ́. Inú àwo kan náà ni òun àti Olúlékè ti máa ń jẹun tẹ́lẹ̀. Bàbá ní kí Tófínmi lọ máa dá jẹ tirẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó mà ṣe o!

Bàbá fún un ní omi ewúro mu. Ó korò. Ọ̀rọ̀ Bàbá korò jù ú lọ.

Kùrùù! Kùrùù! Inú ò dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tófínmi yàgbẹ́ sínú póò. Ó wo inú rẹ̀. Nǹkan funfun kan wà níbẹ̀. Ó pẹlẹbẹ. Ó sì ń rìn!

Ojú tì í. Ó fẹ́ dà á nù. Bí Bàbá bá rí i, á tún ní wọ̀bìà ni.

Ṣùgbọ́n kò dà á nù. "Màámi! Ẹ wá wò ó!"

Màmá ò pè é ní wọ̀bìà. Ó kó o sínú ike, ó dé e pa. Fùùù! Ọ̀kadà gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Bàbá tẹ̀lé wọn.

Nọ́ọ̀sì Hàfsátù wo inú ike. "Aràn pẹlẹbẹ nìyí."

"Ẹ ò rí i? Kòkó ni!" ni Bàbá wí.

"Rárá o, Bàbá Tófínmi. Ohun dídùn kì í bí aràn. Ẹran tí kò jinná ló gbé e wọlé. Ta ló ń fún ọmọ yìí nírú ẹran bẹ́ẹ̀?"

Tófínmi wo Bàbá. Bàbá wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Ṣé inú yín kì í kùn?" ni Nọ́ọ̀sì bi Bàbá.

Kùrùù! Inú Bàbá dáhùn kí ẹnu rẹ̀ tó là.

Wọ́n yẹ Bàbá náà wò. Aràn wà nínú òun náà! Nọ́ọ̀sì fún àwọn méjèèjì lóògùn. "Ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ bá ti yàgbẹ́ tán o."

Wọ́n gbé oògùn mì. Aràn kú. Inú dákẹ́.

"Má bínú, ọmọ mi," ni Bàbá wí.

Tófínmi bínú. Ó bínú títí wọ́n fi délé. Ó tún bínú lọ́jọ́ kejì.

Sátidé dé. Ṣíí! Bàbá yan ẹran. "Ó ti jinná!"

"Ẹ la àárín rẹ̀, Bàbá mi," ni Tófínmi wí.

Bàbá là á. Ó pupa! Ó dá a padà sórí iná. Ó dúró. Ó tún dúró. Ó là á lẹ́ẹ̀kejì, kò sí pupa kankan.

Bàbá bu iṣu àti ẹran sínú àwo kan ṣoṣo. "Tófínmi, Olúlékè, ẹ wá jẹun."

Pọ̀ọ́! Bàbá fọ́ kòkó. Ó na àkọ́kọ́ sí Tófínmi. "Ìwọ kọ́ ni wọ̀bìà," ló wí. "Èmi ni mo yára jù."

Tófínmi wò ó títí. Ó gba kòkó náà. Ó lá a.

Ó dùn.