Ogójì Ilé Orí Òkè

"Ó ku ogójì ilé," ni Akọ̀wé wí, ó sì fi ìdí lélẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé. Orí òkè ni gbogbo ogójì ilé náà wà, oòrùn ọ̀sán sì mú hanhan.

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé nítorí pé ó mọ̀wé kọ dáadáa. Ní ìsinmi ọdún yìí, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan gbà á síṣẹ́ pé kó máa lọ láti ilé dé ilé, kó bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè méjì: ǹjẹ́ ara tù yín ju ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lọ? Ta ni ẹ ó dìbò fún nínú ìbò alága ìlú tó ń bọ̀?

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-ò-dákẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Kí lo tún fẹ́ bi wọ́n? Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ti kógbá sílé, ta ló ń jẹun yó nílùú yìí? Ẹni tébi ń pa ò lè dìbò fún alága tó jẹ́ kébi pa á. Kọ ohun tí wọ́n máa sọ, ká máa relé jàre!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Akọ̀wé, torí ohun tóun náà ń fẹ́ ni. Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá rẹ̀ fi ránṣọ ní ilé iṣẹ́ yẹn; ọdún kejì rèé tó ti ń jókòó sílé láìníṣẹ́. Tíṣà àgbà tó ń bá alága dupò ti ṣèlérí pé bóun bá wọlé, ilé iṣẹ́ náà yóò ṣí padà. Akọ̀wé ṣí bírò. Ó hùmọ̀ káfíńtà mẹ́ta, ó hùmọ̀ alágbàfọ̀ mẹ́rin, títí ogójì fi pé, ó sì ní tíṣà ni gbogbo wọn fẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìwé ìròyìn gbé e jáde ní lẹ́tà gàdàgbà pé wẹ́rẹ́ báyìí ni tíṣà yóò wọlé.

Òjò ni ọjọ́ ìbò bá dé. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú ọ̀run. "Akọ̀wé, ìwọ lo fẹsẹ̀ ara rẹ dé òkè. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí lóòótọ́?"

Akọ̀wé dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá padà lọ jókòó, kò lọ dìbò mọ́.

Ìbò mọ́kànlá péré ni alága fi borí tíṣà. Lọ́jọ́ kejì, Akọ̀wé gun òkè náà. Ìyá alágbàfọ̀ kan ló kọ́kọ́ bá, ó ń sá aṣọ. Ó ní ìwé ìròyìn ló rán òun, ó sì bi í pé, "Ìyá, ṣé inú yín dùn sí alága ni?"

"Inú wo? Oṣù méjì rèé tí àwọn ọmọọṣẹ́ alága ti ń gbé àpò ìyẹ̀fun wá fún wa. Wọ́n ní bí alága bá lọ, ìyẹ̀fun náà lọ nìyẹn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ọmọ mi. Ìlérí tíṣà dára, àmọ́ kò ṣeé sè." Obìnrin náà fún aṣọ kan. "Ẹ ò tiẹ̀ bi wá. À bá ti sọ fún yín."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, alága ta àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ ilé iṣẹ́ aṣọ náà fún àwọn oníṣòwò irin. Bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń wo bí àwọn oníṣòwò náà ti ń ju ẹ̀rọ sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni Akọ̀wé ti fa Bàbá lápá aṣọ, tó sì ń sunkún.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mi ò dé òkè."

 Bàbá wo àwọn aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ogún nínú àwọn wọ̀nyí ló wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, pé ṣé káwọn ṣì jáde lọ dìbò nínú òjò. Mo ní kí wọ́n lọ sinmi. Mo ní ọmọ mi kì í parọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí a bá rán láti lọ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn, kó má fi tọkàn ara rẹ̀ rọ́pò. Ebi kan náà lè lé ẹnìkan kúrò lẹ́yìn ìjọba, kó sì so ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ẹni tó bá béèrè ló máa mọ̀. Akọ̀wé ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn báyìí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó kó àwọn ẹ̀rọ náà ti lọ.