Mọ́kànlélógún Kí Ni?

Òṣùwọ̀n ni Ephraim wá yá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ wọn n'Ìpẹ̀rú. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì fẹ́ wọn oúnjẹ adìyẹ. Dásọ́lá, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Mélòó lẹ fẹ́ wọ̀n?"

"Márùn-ún."

"Márùn-ún kí ni? Kílò? Gíráàmù? Àbí adìyẹ márùn-ún?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ wọn lára. Ọmọ tó bá dá nọ́ńbà lásán sílẹ̀ láì sọ ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, "Kí ni?" ni Dásọ́lá yóò fi pàdé rẹ̀, débi pé Àǹtí Kí-ni ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ojú ti Ephraim, ṣùgbọ́n ìtìjú náà dùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì ó tún padà wá, bẹ́ẹ̀ adìyẹ ti jẹun yó.

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá rí wọn lábẹ́ igi máńgòrò nígbà ìsinmi ọ̀sán á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá òṣùwọ̀n.

Ìyá Ephraim ni kò gbà. Onísábáàtì paraku ni Màmá Kọ́mọláfẹ́ n'Ìlíṣàn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà sì ni Dásọ́lá. "Ọjọ́ tí a bá ń sinmi lọ́dọ̀ Olúwa, ọjọ́ náà ni yóò lọ sọ́jà," ni màmá wí. "Ọmọbìnrin yẹn kò ní wọlé mi." Ephraim bẹ̀ ẹ́ títí ọdún fi yípo. Nígbà tó yá, màmá ní kó mú un wá lọ́jọ́ Sábáàtì, kí òun fi ojú ara òun wò ó.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Dásọ́lá bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ephraim ní kí òun gbé alàgbà kan padà sí Òde Rẹ́mọ kíá. Ó ku Dásọ́lá, màmá, àti Àǹtí Àpínkẹ́ tó jẹ́ àbúrò màmá. Wọn ò tíì bi í ní ìbéèrè kan tí màmá fi fẹ̀yìn ti àga.

"Ojú mi ń ṣú," ó ní. "Gbogbo ara mi ló rọ̀."

Àtọ̀gbẹ ń bá màmá fínra tipẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n Boaz, àkọ́bí rẹ̀, ti fi tuntun ránṣẹ́ láti London. Àǹtí Àpínkẹ́ já páálí rẹ̀.

"Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni ẹ́, àbí? Bá wa yẹ̀ ẹ́ wò."

Dásọ́lá gún màmá níka, ẹ̀jẹ̀ kán, nọ́ńbà jáde.

"Mọ́kànlélógún," ó ní.

"Mọ́kànlélógún kẹ̀!" Àǹtí figbe ta. "Ẹni tó máa ń wà ní ọgọ́fà, ọgọ́jọ! Ṣúgà ara ẹ̀gbọ́n mi ti tán! Mo gbé!"

Dásọ́lá mọ̀ pé bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú ni ikú ń kà. "Gúlúkósì dà?" ó pariwo. Òun fúnra rẹ̀ ló pò ó, òun ló gbé e sẹ́nu màmá. Màmá mu ún gbẹ, ó tún mu òmíràn. Nígbà tó ṣe díẹ̀ tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ó ti di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Ó ti ń gòkè!" Àǹtí gbá a mọ́ra. "Ọlọ́run ló rán ẹ sí wa o jàre."

Màmá na ọwọ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ìyàwó mi," ó ní, "o ṣeun."

Inú Dásọ́lá dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ fún mi lómi," màmá tún ní. "Òùngbẹ yìí kò lọ." Ahọ́n rẹ̀ ti ń wúwo. Ojú rẹ̀ ń pa dé.

Dásọ́lá tún gbé ẹ̀rọ náà wò. Lábẹ́ nọ́ńbà ni àwọn lẹ́tà kéékèèké kan wà. Kì í ṣe mílígíráàmù tí à ń lò níhìn-ín. Mílímóòlù ni, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún níbi tí Boaz wà. Mọ́kànlélógún tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irinwó tiwa. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti kọjá irinwó dáadáa.

Ṣúgà màmá kò lọ sílẹ̀ rárá. Ó ti ga tẹ́lẹ̀, Dásọ́lá ló sì tún rọ ṣúgà lé e.

Òun tó ń bi gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní "Kí ni?" kò bi ara rẹ̀.

Àǹtí ti ń ṣí ìgò oyin. Bí Dásọ́lá bá dákẹ́, àìsàn ni wọn yóò ní ó pa màmá, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ó dàgbére fún Ephraim nìyẹn.

"Àǹtí, ẹ má fún wọn!" Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Mo ṣì í kà. Ṣúgà wọn ga ni, kò lọ sílẹ̀."

"Kí lo wí? Ṣebí ìwọ lo pò ó fún wọn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé wọn dé ọsibítù ná, kí ẹ tó bú mi."

Bí ọkọ̀ Ephraim ṣe dé nìyẹn, wọ́n gbé màmá sínú rẹ̀. Àǹtí jókòó níwájú. "Bi ìyàwó rẹ ní ohun tó fún ìyá rẹ mu," ó ní.

"Dásọ́, kí lo fún wọn?"

Ó sọ ọ́, orí màmá lórí itan rẹ̀. Ephraim tẹ iná ọkọ̀ títí wọ́n fi dé ọsibítù.

Dókítà bèèrè ohun tí màmá ti mu. Dásọ́lá ló sọ gbogbo rẹ̀, àti nọ́ńbà àti ìwọ̀n rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Dókítà kò dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó ti sáré wọlé.

Níta, Ephraim dúró tì í. "Mi ò bínú sí ọ," ó ní. "Irọ́ ni. Mo bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí jù, olólùfẹ́ mi." Ó mú un lọ́wọ́. Ọwọ́ àwọn méjèèjì tutù.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ojú màmá tó wálẹ̀. Àǹtí Àpínkẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun: "Ọmọ yìí ló ṣi nọ́ńbà kà, ló bu ṣúgà fún yín mu! Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín!"

Màmá wo Dásọ́lá níbi tó kúnlẹ̀ sí. "Ta ló wá sọ fún yín pé a ṣì í kà?"

"Òun náà ni."

"Ṣé ẹnìkan ti rí i kó tó sọ ọ́ ni?"

"Rárá," Àǹtí ní. "Kò sẹ́ni tó rí i."

Màmá kọjú sí ògiri. Ọkàn Dásọ́lá rẹ̀wẹ̀sì, ó ti ń wá bí yóò ṣe dìde kúrò níbẹ̀.

"Láti kékeré ni mo ti ń bá àwọn tó ń pa Sábáàtì mọ́ gbé," màmá wí. "Mélòó nínú wa ló lè ṣe ohun tí ọmọ yìí ṣe? Ephraim, wá ọjọ́ tí a ó lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀."

Màmá lá ètè rẹ̀ tó gbẹ.

"Ẹ bomi fún mi."

Àǹtí Àpínkẹ́ sáré mú ife. "Fi sílẹ̀," màmá ní. "Ìyàwó mi ni kó bù ú."

Dásọ́lá bù ú kún, omi dà sára aṣọ ibùsùn. Màmá gba ife náà, kò wo inú rẹ̀, ó mu ún tán.