Ọ̀dà Pupa Lára Igi Emi

Nígbà tí Chérifatou kọ́kọ́ rí Lábọ̀dé, ńṣe ni ọkùnrin náà ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí igi emi, tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, nínú oko wọn ní Idigny. Ó ga, aṣọ rẹ̀ funfun báláú, òógùn ń dán lọ́rùn rẹ̀. Ó rẹwà débi pé inú túbọ̀ bí ọmọbìnrin náà.

"Kí lẹ ń ṣe sí igi wa?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Iná oòrùn ni ilé iṣẹ́ wa fẹ́ gbé síbí. Gbogbo igi tí mo bá sàmì sí ni wọ́n máa gé."

"Èmi kì í ṣe àbúrò yín. Lóṣù tó kọjá, àwọn ènìyàn yín tú òkìtì èédú Bàbá mi ká. Wọ́n ní igi tí a ń gé ló ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ṣé igi tí ẹ̀yin bá gé kì í bà á jẹ́ ni?"

Lábọ̀dé dé agolo ọ̀dà rẹ̀, ó sì lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà wá láìmú ọ̀dà lọ́wọ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí òun jẹun.

"Ẹ tètè lọ jẹun," ni Chérifatou wí, "kí wọ́n má baà sọ pé èmi ni mo pa yín."

Kí àgbàdo tó yọmọ, wọ́n ti di olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lábọ̀dé wá kí Latifou, bàbá ọmọbìnrin náà, baba náà kò fún un ní àga.

"Mo rí ọ̀dá nígbà tí n kò tíì hu irùngbọ̀n. Àgbàdo gbẹ, ewúrẹ́ kú. Èéfín èédú ta ló fà á nígbà náà? Ọlọ́run ló ni òjò. Ilẹ̀ lẹ ń wá, ẹ wá ń fi ojú ọjọ́ bojú."

"Bàbá, òjò ń yí padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ bà á jẹ́."

"Tí kì í bá ṣe èmi, kí ló dé tó jẹ́ èmi ni ìyà rẹ̀ ń jẹ? Ọmọ mi kò ní fẹ́ ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yẹn."

Lọ́jọ́ ìpàdé tí wọ́n pè lórí ilẹ̀ náà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà wá láti Kùtọnu. Ó ń sọ Faransé, Lábọ̀dé ń túmọ̀. Ó ní gbogbo ilé ló máa ní iná, kí àwọn àgbà ṣáà tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn tí òun mú wá. Lábọ̀dé wo ìwé náà, ó wo Chérifatou tó fajú ro lẹ́yìn bàbá rẹ̀.

"Ó ní gbogbo ilé ló máa ní iná," ló wí. "Ìwé yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìlú ńlá ni iná náà ń lọ, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì máa fi lo ilẹ̀ yín. Ẹ má tẹ̀ka."

Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Lábọ̀dé. Wọ́n gba alùpùpù ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn forí lé Kétu. Chérifatou gun ti bàbá rẹ̀ lé e bá.

"Gòkè."

"Kí ni Bàbá wí?"

"Wọ́n ní àwọn ò tíì gbà ọ́ gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ òjò. Ṣùgbọ́n kí o kó àwọn ẹbí rẹ wá lọ́jọ́ Jímọ̀."

Lábọ̀dé rẹ́rìn-ín, ó sì wojú rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, ìyàwó mi? Ṣé inú ṣì ń bí ẹ?"

"Ó ń bí mi. Wọ́n á tún rán ẹlòmíràn wá."

"Àwa méjèèjì ló máa bá nílé."

Lábọ̀dé gòkè sẹ́yìn alùpùpù náà. Chérifatou fa ọwọ́ ọkùnrin náà méjèèjì, ó fi wọ́n gbá ìbàdí ara rẹ̀ mú, ó sì tan alùpùpù.