Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Ọkọ̀ Dúrótoyè

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí àrá sán sí mi lórí. Ó dáa, kó má sán sí mi lórí, kó sán sí ẹ̀gbẹ́ mi, nítorí àwọn tó sọ ọ́ fún mi kò sọ ọ́ bákan náà, èmi náà sì lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà wà. Ìyàwó náà wà. Òkè Ìdànrè sì ń bẹ níbẹ̀ tó ń wò wá, kí ẹni tó bá ń jiyàn lọ bi í.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan lọ́dún 1957, Dúrótoyè jáde sí àgbàlá rẹ̀ ní Odode, nísàlẹ̀ òkè náà, ó sì rí i pé ọkọ̀ òun ti lọ sílẹ̀ ju bí òun ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ó fi ọwọ́ wọn àyè tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn àti irin tó bò ó. Ìka mẹ́rin ni ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó ti di ìka mẹ́ta. Kò sí ènìyàn nínú ọkọ̀, kò sí ẹrù níbẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìjókòó. Apá ọ̀tún tutù bí ìdí àmù. Apá òsì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò.

Ó ti ilẹ̀kùn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò mọ ìdí tí òun fi ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nítorí Joanna ni ó ṣe dín gíga ọkọ̀ náà kù. Joanna ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tíṣà ni, àìsàn ìgbà èwe sì ti mú un lẹ́sẹ̀ òsì. Ó ń rìn, ó tilẹ̀ ń jó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò ṣeé gbé ga. Ọkọ̀ àlòkù tí Dúrótoyè rà sì ga bí ẹṣin. Lọ́jọ́ ìdána wọn, ọkùnrin méjì ló gbé Joanna sínú rẹ̀ bí àpò kòkó. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Joanna kò rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá Toyè, ẹ gbọ́," ó wí nígbà tí wọ́n délé. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹsẹ̀ ara mi ni n óò fi wọ ọkọ̀ yín. Bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá tún gbá mi mú níbàdí, ilé bàbá mi ni n óò padà sí. Kí ẹ máa fi ọkọ̀ yín ṣaya."

Dúrótoyè mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ni Joanna ti kọ̀ kó tó gba tirẹ̀.

Ni ó bá lọ pe Àjàgbé, ará Ọ̀yọ́ kan tó ń ṣe lébìrà lóko kòkó, tó sì ti bá àwọn mẹkáníìkì lọ́rì ṣiṣẹ́ rí n'Íbàdàn. Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, wọ́n fi ìtì igi gbé e ró. Àjàgbé yọ sípíríǹgì iwájú méjèèjì, èyí tó ká bí ejò, ó fi ayùn irin gé ìyípo kọ̀ọ̀kan kúrò lára wọn. Tẹ̀yìn yàtọ̀. Irin pẹlẹbẹ tí a tò léra ni tẹ̀yìn, ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀ sì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀.

"Igi la máa kì bọ àárín ọ̀pá àti irin," Àjàgbé wí. "Bí igi bá ṣe nípọn tó ni ọkọ̀ á ṣe lọlẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igi tútù o, ọ̀gá. Igi tútù á là, ìyàwó á bá ara ẹ̀ nílẹ̀ títì."

"Irú igi wo ló wá gbẹ tó?"

"Èyí tó gbẹ bí ẹ̀rín bàbá ìyàwó yín."

Irú igi bẹ́ẹ̀ kò sí ní Odode. Dúrótoyè rántí ilé wọn àtijọ́ lórí òkè. Nígbà tí ìlú ń sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀, ìyá bàbá rẹ̀, Ìbílọlá, kọ̀ láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn wá. Ó ní bí wọ́n bá ń fẹ́ òun, kí wọ́n wá gbé òun. Oníkálukú ru ẹrù tirẹ̀, wọ́n ní ọ̀la làwọn á padà wá. Ọ̀la náà kò dé. Orí àpótí rẹ̀ ni màmá náà kú sí, níbi tó jókòó sí tó ń wo òrùlé àwọn ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Àpótí náà ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ òrùlé tó ti wó, igi apá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kòkòrò kò kàn án. Nínú ẹbí Dúrótoyè, a kì í gbé àpótí àgbà kúrò níbi tó wà láìsọ ibi tí à ń gbé e lọ fún ẹni tó ni ín, ì báà ti kú láti ogún ọdún. Dúrótoyè mọ èyí. Ṣùgbọ́n ìkánjú ń lé e, oòrùn sì ń lọ. Ó gbé e sí èjìká, kò sọ nǹkan kan, ó sọ̀kalẹ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ó túbọ̀ ń wúwo bó ṣe ń sún mọ́ ilé.

Wọ́n gé e sí méjì, wọ́n fi nọ́ọ̀tì àti bóòtù dè é mọ́ àárín ọ̀pá àti irin. Ọkọ̀ wálẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ọjọ́rú ló di ìka mẹ́ta. Ọjọ́bọ̀ ló di méjì, apá òsì sì wálẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ.

Dúrótoyè kò lè jẹun mọ́. Á jókòó, á dìde, á lọ wọn ọkọ̀, á padà. Ó wò ó títí oòrùn fi kúrò lójú ọ̀nà, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹran. Nígbà tí atẹ́gùn dákẹ́, ó gbọ́ tí sípíríǹgì apá òsì ké wín-ín, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá yí ìdí padà lórí ìjókòó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó pe ìyá rẹ̀, Fọláyan. Ìyá náà yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan. Ó yọ́jú wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú gèlè orí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn òsì.

"Ẹ kú ìjókòó o, ìyá ọkọ mi," ó wí jẹ́jẹ́. Kò dìde kó tó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Igi wo lo fi síbẹ̀?"

Dúrótoyè sọ fún un.

"Yọ ọ́."

"Mọ́mì, bí mo bá yọ ọ́, ọkọ̀ á ga. Bí ọkọ̀ bá ga, Joanna ò ní wọ̀ ọ́. Ọ̀la ni ìgbéyàwó!"

"Ṣé o fẹ́ kí ìyàwó rẹ jókòó ti òkú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni? Yọ ọ́, mo ní."

Dúrótoyè rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà, ó tún lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, òun àti Àjàgbé wọ abẹ́ ọkọ̀. Jáàkì ń kérora bí ẹni tó ń ru òkúta. Wọ́n tú bóòtù, wọ́n yọ igi méjèèjì, wọ́n de ọ̀pá mọ́ irin padà, wọ́n sì sọ jáàkì kalẹ̀. Dúrótoyè na ọwọ́ láti wọn ọkọ̀ rẹ̀.

Ìka méjì.

Igi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ó sì tún wọ̀n ọ́n. Ìka méjì náà ni.

Àjàgbé kó aṣọ rẹ̀, kò kó sípánà rẹ̀. "Ọ̀gá," ó wí bó ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn, "ẹ̀yin lẹ lọkọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ lèrò."

Ìyá Dúrótoyè kàn mi orí. "Kì í ṣe àpótí ni ìyá ọkọ mi so mọ́. Ó ní kí a wá gbé òun, ìwọ lo gbé e. Kò tíì dé ibi tó ń lọ ni."

Ní àárọ̀ Sátidé, Dúrótoyè fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ lọ sílé àwọn Joanna, nítorí kò lè fi ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Joanna jáde pẹ̀lú aṣọ funfun. Àwọn ọmọdé ti pé jọ láti wo bí wọn yóò ṣe gbé e. Dúrótoyè tẹ̀ sí i létí.

"Joanna, ẹnì kan wà lẹ́yìn. Ìyá bàbá mi ni."

Joanna wo ìjókòó tó ṣófo. Ó wò ó pẹ́.

"Ṣé ó ṣì ga?"

"Kò ga."

"Ẹ yẹ̀ fún mi nígbà náà."

Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó fa ti òsì tẹ̀lé e. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án. Kò sí ọmọdé tó rẹ́rìn-ín. Joanna kó etí aṣọ rẹ̀ kúrò ní apá òsì, bí ẹni tí kò fẹ́ fi aṣọ bo ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ fún mi."

Ìjókòó náà ké wín-ín.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, Joanna sọ̀kalẹ̀, ó sì gun àtẹ̀gùn láìtiro, ọwọ́ rẹ̀ òsì rọ̀ sófuurufú bí ẹni tó gbé e lé èjìká ẹni kúkúrú kan. Lẹ́yìn rẹ̀, níṣojú Dúrótoyè, ọkọ̀ náà dìde díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ga bí ẹṣin. Èrò ẹ̀yìn ti bọ́ sílẹ̀. Ó sì ti bá Joanna wọlé.

Ibì kan wà tí mo ti purọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ní Joanna sọ nínú ọkọ̀, èmi ni mo fi sí i lẹ́nu. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tó sọ. Ohun tí àwọn tó wà lójú títì rí nínú gíláàsì ni pé ẹnu rẹ̀ mì, ó sì dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Ó wo ẹ̀yìn orí Dúrótoyè tó ń wakọ̀ níwájú. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ ní nǹkan tó sì gbà láti fún wọn.

Ohun tó gbà yẹn, kò tíì sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀.