Ìpín Kẹrin Ti Dúró

Ìgbà kẹjọ nìyí tí ọmọbìnrin náà yọ fóònù wò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àbájáde ìdánwò àṣejáde rẹ̀ lè jáde nígbàkigbà, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá dìde, kò ní mọ ibi tó ń lọ.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ti ń kọ́ṣẹ́, nínú yàrá kékeré kan tó tutù nini ní ilé ìwòsàn. Àǹtí yìí ló ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń kó àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀ka pamọ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti pín inú rẹ̀ sí mẹ́fà, bí ìgbà tí a pín ilé sí yàrá, àfi pé kò sí ògiri tí ojú lè rí. Ìpín kan lè kú kí márùn-ún yòókù máa ṣiṣẹ́ lọ. Nítorí náà, ní wákàtí méjì-méjì, ọmọbìnrin yìí ní láti ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé: èyí ń ṣiṣẹ́, èyí ti dúró, èyí ti fẹ́ kún.

Bí aago mẹ́wàá ṣe lù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é.

"Ṣé o ti rí tìẹ? Wọ́n ní ó ti ń jáde o."

Ó fa ìwé sọ́dọ̀, ó kọ "ó ń ṣiṣẹ́" lẹ́ẹ̀mẹfà láìwo ojú ẹ̀rọ, ó sì padà sídìí fóònù. Ó ṣáà ti wò wọ́n ní aago mẹ́jọ. Kí ló tún lè ṣẹlẹ̀?

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì àgbà kan fi yọjú. "A ò rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan. Bí kò bá dé, a ní láti tún ẹ̀jẹ̀ fà lára rẹ̀."

Àǹtí yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ìpín kẹrin ló ń gba èsì àyẹ̀wò. Ṣé o wò ó?"

"Mo wò ó, Àǹtí. Ó ń ṣiṣẹ́."

Àǹtí gbà á gbọ́. Ó gbé àkàbà, ó lọ ń tọ wáyà lẹ́yìn lókè àjà, bóyá ibẹ̀ ló ti já.

Nígbà náà ni ọmọbìnrin náà tó ṣí ìpín kẹrin. Àmì pupa: ó ti dúró láti aago mẹ́sàn-án. Ó ronú pé òun lè jí i dìde fúnra òun, kẹ́nikẹ́ni má mọ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí ti kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe lè pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Igbe ọmọdé kan gba ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó sáré dé ìdí àkàbà.

"Àǹtí, irọ́ ni mo pa. Mi ò wò ó."

Àǹtí sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ sídìí sáfà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìpín kẹrin ti ń ṣiṣẹ́, èsì sì ti jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà fà.

"Lọ sọ ohun tí o ṣe fún ìyá ọmọ náà," ni Àǹtí wí.

Ó lọ. Ìyá ọmọ náà kò bú u. Ó kàn na apá ọmọ rẹ̀ kékeré hàn án. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gún un kí wọ́n tó rí iṣan." Ì bá sàn kó gbá a létí.

Nígbà tó padà, omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ṣé kí n máa lọ sílé ni?"

"Ta ni yóò wo ti aago méjìlá?" Àǹtí fa àga fún un. "Gbọ́, ojú mi ni ìwé yẹn. Ohun tí o bá kọ síbẹ̀ ni mò ń rí. Nígbà tí o kọ irọ́ sí i, o fọ́ mi lójú, o sì ní kí n máa gun àkàbà. Ohun tí ojú kò bá rí, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kọ ọ́."